Òórùn Tí Wọ́n Kà Sí Fùfú Lọ́rùn

Ezekiel ní nígbà tí òun gbẹ́ kòtò sọ́kàwéè ẹ̀yìn ilé òun ní Fìdítì, òun gbẹ́ ẹ jìn débi pé òun ń gbọ́ bí àkùkọ àwọn ará ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ṣe ń kọ. Ó ní ṣọ́bìrì òun kan páànù òrùlé kan níbẹ̀, gbàá, ni obìnrin kan bá yọjú láti inú kíṣìnì rẹ̀ tòun ti ṣíbí ìrobẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Ta ló ń kanlẹ̀kùn lórí ilé wa láàárọ̀ kùtù?" Òun bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, òun fi erùpẹ̀ dí ibẹ̀ padà, òun wá ń gun àkàbà bọ̀ títí irùngbọ̀n fi hù lágbọ̀n òun kí òun tó rí oòrùn. Ó ní igi ọ̀pẹ mẹ́ta lè dúró lórí ara wọn nínú kòtò náà, kí imọ̀ èyí tó wà lókè pátápátá má sì yọ sí gbangba. Bí gbogbo ìlú Ọ̀yọ́ bá jẹ ẹ̀wà lálẹ́, tí wọ́n tò wá síbẹ̀ láàárọ̀, kò ní kún láyé ọmọọmọ òun.

"Nítorí náà," ó ní, ó fi àkàrà nu ìsàlẹ̀ abọ́ ẹ̀kọ rẹ̀, "ẹni tó bá ní sọ́kàwéè mi kún, kó lọ bọ́jú."

Dára, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló ń bá wí. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti tọ́lẹ́ẹ̀tì jáde ni, ó ká ìró dé orúnkún, ó fi ẹsẹ̀ kan dúró bí adìẹ tó tẹ iná.

"Bàbá mi, mi ò ní ó kún. Mo ní mo da omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan sí i, omi náà lọ sísàlẹ̀, ó rò ó, ó padà wá. Kò tilẹ̀ dá nìkan padà."

"Fùfú ìyá rẹ ni."

"Fùfú ló wà nínú tọ́lẹ́ẹ̀tì?"

"Òórùn fùfú ìyá rẹ ti wọ inú páìpù. Ó ti dí ojú ọ̀nà."

Beatrice, ìyá Dára, jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó ń bó iṣu. Kò gbójú sókè.

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni òórùn kan ti dé sí àdúgbò náà. Òórùn ńlá ni. Òórùn tó lè jí òkú dìde, kó tún pa á padà. Àwọn eṣinṣin tó bá fò kọjá lẹ́yìn ilé Ezekiel, sísín ni wọ́n ń sín kọjá. Ewúrẹ́ tó bá ń lọ sí ìsàlẹ̀ àdúgbò á kọ́kọ́ gba ojú títì yípo. Orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo aládùúgbò sì fún un: fùfú. Ta ni kò mọ̀ pé Beatrice ń rẹ ẹ̀gẹ́, ta ni kò sì mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ kì í ta sánsán bíi lọ́fínńdà? Ẹni tó bá ti jẹ́ orúkọ olè tẹ́lẹ̀, òun náà ni wọ́n ń mú bí ewúrẹ́ bá sọnù.

Ọ̀rọ̀ náà ti wá dójú ẹ̀ lónìí. Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, Mùtàlíbù tó jẹ́ alága àwọn onílé yóò kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá, wọn yóò dájọ́ pé kí Beatrice kó àwọn dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ kúrò, kí ó má rẹ ẹ̀gẹ́ ní àdúgbò náà mọ́ láé. Fùfú yẹn ló ra páànù orí ilé tí wọ́n ń gbé. Òun ló rán Dára níwèé. Bàtà tí Ezekiel ń wọ̀ lọ kọrin ohùn ìsàlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, bàtà tó ń dún kòkò kí ohùn ẹni tó wọ̀ ọ́ tó dún, fùfú ló rà á. Bí dúrọ́ọ̀mù bá kúrò nílẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ ló máa tẹ̀lé e.

Kì í ṣe pé Beatrice ò lẹ́nu. Ẹnu wà, ahọ́n inú rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òun àti Dára nìkan mọ̀. Gbogbo dúrọ́ọ̀mù búlúù tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn, òfìfo ni wọ́n. Ó ti ṣe díẹ̀ tí Beatrice ti kó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Akínmọ̀ọ́rìn. Ibẹ̀ ló ti ń rẹ ẹ́, ibẹ̀ ló ti ń sẹ́ ẹ, ọ̀kadà ló sì fi ń gbé e bọ̀ lọ́jà. Ó fọ àwọn dúrọ́ọ̀mù náà, ó sá wọn sóòrùn, ó dé wọn padà, ó sì pa ẹnu mọ́. Ó fẹ́ wò ó bóyá òórùn yóò bá ẹ̀gẹ́ lọ sí Akínmọ̀ọ́rìn. Òórùn ò lọ síbì kankan. Ó jókòó sílé bí àlejò tó gbọ́ pé ẹran wà, ńṣe ló tilẹ̀ ń sanra sí i. Ezekiel ò mọ nǹkan kan, nítorí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ Beatrice, fùfú tó bá ti wà nínú àwo nìkan ló máa ń sún mọ́.

"Má bínú," ni Ezekiel wí, ó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Èmi fúnra mi ni màá bá ọ bẹ Alága lọ́sàn-án yìí. Màá ní obìnrin ni ọ́, o ò mọ̀."

Beatrice fi ọ̀bẹ yọ ojú iṣu kan, ó rọra gbé e sílẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Bàbá Dára."

"Dín dùndú yẹn púpọ̀. Ẹnu tó bá ń jẹun kì í le."

"Mo gbọ́, Bàbá Dára."

Dára wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wo iṣu. Iṣu ò wo ẹnikẹ́ni.

Kò pẹ́ tí Ezekiel jáde tí Ìyábọ̀dé gba ojú ihò ọgbà wọlé. Ìyábọ̀dé ni ọgbà pa òun àti wọn pọ̀, ó ju Beatrice lọ lọ́jọ́ orí, ó sì jù ú lọ lọ́rọ̀ sísọ. Ó fi gèlè di imú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ lọ kó oyin.

"Ìyá Dára, o kú iṣẹ́ o. Fùfú rẹ lé mi dójú oorun lánàá. Mo lálàá pé mo dé ọ̀run, àwọn áńgẹ́lì ń kọrin, ni ọ̀kan nínú wọn bá dákẹ́, ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń rẹ ẹ̀gẹ́ níbí?'"

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí Ìyábọ̀dé. Áńgẹ́lì tó bá mọ òórùn ẹ̀gẹ́, ará Fìdítì ni wọ́n á jẹ́."

"Ìyẹn ò kàn mí. Kí n ṣáà rí oorun sùn."

Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń já tẹ̀tẹ̀ sínú abọ́ tó gbé dání. Ẹ̀yìn ilé náà níbi tí sọ́kàwéè wà ló ti ń já a, bó ti ṣe ń já a láti ìgbà tí ọyẹ́ ti mú. Gbogbo koríko Fìdítì ló ti gbẹ bí irùngbọ̀n òbúkọ, àfi ojú ibẹ̀ yẹn. Tẹ̀tẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó ń dán. Ewé kan ṣoṣo nínú rẹ̀, adìẹ lè kó gbogbo ọmọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ kó sì máa gba owó ilé.

"Àǹtí, ta ló ń bomi rin tẹ̀tẹ̀ yìí?" ni Beatrice béèrè.

"Ọlọ́run ni."

"Nínú ọyẹ́?"

"Ọlọ́run ò mọ ọyẹ́."

Ìyábọ̀dé nàró, ó tẹ ọwọ́ mọ́ ìbàdí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ díẹ̀. "Ọmọọmọ mi náà, Aaliyah, ìgbẹ́ gbuuru tún ti ń ṣe é láti àná. Nọ́ọ̀sì ní omi tó ń mu ni. Mo ní kó fi mí sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Omi kànga tí bàbá mi gbẹ́, tí gbogbo wa mu dàgbà? Atẹ́gùn fùfú ló wọ ọmọ náà níkùn."

Beatrice wo kànga Ìyábọ̀dé láti ojú ihò ọgbà. Ó wo ibi tí tẹ̀tẹ̀ ti ń dán. Bí èèyàn bá sọ ìgbálẹ̀ láti ibí, á balẹ̀ síbẹ̀ yẹn. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ máa se omi yẹn kí ẹ tó fún un mu."

"Kí n máa se omi bíi pé iṣu ni?" Ìyábọ̀dé gbé abọ́ tẹ̀tẹ̀ rẹ̀, ó ń lọ. "Kó dúrọ́ọ̀mù rẹ kúrò, ara ọmọ mi á yá."

Nígbà tó lọ tán, Beatrice ní kí Dára gbé àpò omi inú ọ̀rá kan, kó lọ fi fún Aaliyah, kó má sì sọ pé òun ló ní kó gbé e wá.

Ó wá rìn lọ sí ẹ̀yìn ilé. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀. Ó gbé sálúbàtà rẹ̀, omi dúdú kún ojú ẹsẹ̀ tó fi sílẹ̀, nínú ọyẹ́ tí ètè gbogbo èèyàn ń là yìí. Ìdérí kọnkéré sọ́kàwéè náà ti là láàárín, ó sì ti tẹ̀ bí ibùsùn tí àgbà sùn sí títí.

Beatrice rántí mọ́tò afagbẹ́ tí wọ́n pè láti Ìbàdàn ṣáájú Kérésìmesì. Mọ́tò náà tóbi, ikùn rẹ̀ rí bíi ti aboyún ìbejì. Wọ́n ki páìpù bọ kòtò, ó fà á bí ọmọ tó ń mu ọsàn, kò sì tíì fà á dénú tí páìpù fi bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Awakọ̀ ní, "Bàbá, ó ti tán." Ezekiel ní kò tán, páìpù wọn ni kò gùn tó, pé ọrùn kòtò ni wọ́n ṣì wà. Wọ́n wa mọ́tò aláàbọ̀ ikùn padà lọ. Ọdún Tuntun ò sì tíì dé tí tọ́lẹ́ẹ̀tì tún ti ń gbémi gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀ bí ọ̀mùtí.

"Ẹ ò ṣe jẹ́ ká pe mọ́tò yẹn padà?" ni Dára wí nígbà tó dé.

Beatrice já àpò fùfú kan tó ti gbó kúrò lórí okùn aṣọ. "Wo àpò yìí. Nígbà tó wà ní tuntun, tí mo bá da fùfú sí i, tí mo gbé òkúta lé e, gbogbo ara rẹ̀ ni omi ń gbà ro jáde. Nígbà tó gbó, ojú rẹ̀ dí. Omi ò jáde mọ́, ó ń dúró sókè. Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ bu omi náà dànù."

"Fùfú mìíràn dé, omi tún dúró sókè."

"Ẹ wá ra àpò tuntun."

"Mo ra àpò tuntun. Èèyàn lè máa bu omi orí àpò tó ti dí títí Jésù á fi dé, àpò ò ní tìtorí ẹ̀ là. Bí wọ́n bá fa kòtò, tí kò pẹ́ tó tún kún, tí ilẹ̀ ń mú un bọ̀ lókè dípò ìsàlẹ̀, kì í ṣe mọ́tò ló ń wá. Kòtò yẹn ti kú, Dára. Òmíràn ló kù."

"Ẹ sọ fún bàbá mi."

"Mo sọ lánàá. Wọ́n ní kí n má fi fùfú wé iṣẹ́ ọkùnrin."

Lọ́sàn-án, Alága Mùtàlíbù dé pẹ̀lú àwọn onílé. Ìyábọ̀dé tẹ̀lé wọn, tẹ̀tẹ̀ tó ń ṣà lọ́wọ́ kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, olúkúlùkù fi áńkáṣíìfù di imú. Dùndú dé tòun ti ata díndín. Bí wọ́n ṣe di imú tó, wọn ò di ẹnu. Ọwọ́ Alága ń lọ sókè sódò bí abẹ́rẹ́ máṣíìnì aránṣọ, ó jẹun débi pé àwo fẹ́rẹ̀ẹ́ tọrọ àforíjì.

"Ìyá Dára," ni Alága wí nígbà tó nu ọwọ́ tán, "a ò bá ọ jà. Fùfú dára. Fùfú ni wọ́n fi tọ́ èmi gan-an. Ṣùgbọ́n àdúgbò ò lè mí mọ́. Ohun tí a fẹnu kò lé ni pé..."

Ezekiel dìde kó tó parí. "Alága, mo bẹ̀ yín lórí ìyàwó mi. Obìnrin ni. Mo ti kìlọ̀ fún un títí ẹnu mi fi jẹ bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan, èmi fúnra mi á rí i pé ó kó wọn."

Àwọn onílé mi orí, wọ́n ní ọkọ rere ni.

Beatrice dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró. "Alága, kí ẹ tó dájọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀kan, ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe wúwo tó."

Alága Mùtàlíbù jẹ́ ọkùnrin tó máa ń fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé agbára ṣì kù. Ó ká apá agbádá rẹ̀, ó dì mọ́ dúrọ́ọ̀mù kan, ó mí sínú, ó fi gbogbo ẹran ara gbé e. Dúrọ́ọ̀mù fò kọjá lórí rẹ̀. Alága fi ẹ̀yìn rìn, díẹ̀ ló kù kó fi ẹ̀yìn rìn dé Ìbàdàn, àfi bí igi máńgòrò ṣe gbà á mú. Ìdérí ṣí. Alángbá kan jáde láti inú dúrọ́ọ̀mù náà, ó wo gbogbo ìpàdé, ó mi orí bí ẹni pé òun ni akọ̀wé, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Ẹ̀gẹ́ dà?" ni Alága béèrè.

"Ó wà ní Akínmọ̀ọ́rìn. Ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ẹ bi àwọn ọlọ́kadà tó ń bá mi gbé fùfú wá."

Ni atẹ́gùn ọyẹ́ bá fẹ́ wá láti ẹ̀yìn ilé. Òórùn náà bá a wá, ó gba àárín wọn kọjá, kò sì ní orúkọ mọ́. Gbogbo wọn gbóòórùn rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í yí, títí gbogbo ojú fi wà lára Ezekiel.

"Òórùn máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀," ni Ezekiel wí. "Ó dà bí ẹ̀ṣẹ̀."

"Ezekiel," ni Alága wí, "sọ́kàwéè rẹ ńkọ́?"

"Sọ́kàwéè tèmi?" Ezekiel rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dé etí. "Alága, ẹ ò mọ ohun tí mo gbẹ́ síbẹ̀. Igi ọ̀pẹ mẹ́ta ni. Kọnkéré tí mo sì fi dé e, erin lè gbéyàwó lórí ẹ̀, kó pe àwọn àna ẹ̀ jó." Ó sáré lọ sí ẹ̀yìn ilé, gbogbo wọn tẹ̀lé e. Ó gun orí ìdérí náà. "Ẹ wò ó."

Ó fò. Ilẹ̀ dún, gbì.

"Bàbá Dára, ẹ sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀," ni Beatrice wí.

Ó tún fò. Ilẹ̀ dún, gbùù.

"Bàbá Dára."

Ó fò lẹ́ẹ̀kẹta. Lọ́tẹ̀ yìí ilẹ̀ ò sọ nǹkan kan, ó kàn la ẹnu.

Beatrice já ọ̀pá tó fi ń gbé okùn aṣọ sókè, ó sáré lọ síbẹ̀. Igi ọ̀pẹ mẹ́ta. Fún ìwọ̀nba ìgbà tí èèyàn lè fi mí lẹ́ẹ̀kan, ó gba ọkọ rẹ̀ gbọ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún gbọọrọ.

Eruku rọlẹ̀. Ezekiel ló dúró níbẹ̀ yẹn, ilẹ̀ bá a dé ìbàdí, fìlà rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀.

"Bàbá Dára," ni Beatrice wí jẹ́jẹ́, "kí lẹ dúró lé?"

Ezekiel wo ìsàlẹ̀, ó wo òkè. "Mi ò dúró. Mò ń lúwẹ̀ẹ́ ni."

"Ọwọ́ rẹ méjèèjì wà lórí fìlà rẹ," ni Alága wí.

"Ẹsẹ̀ ni mo fi ń lú u."

Beatrice ki ọ̀pá bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pá náà ò tíì lọ tó fi dúró. Kó. Ó tún fi kàn án, kí gbogbo wọn lè gbọ́. Kó. Kó. Àpáta ni.

Ìyábọ̀dé wo kòtò. Ó yíjú wo kànga rẹ̀ láti ojú ihò ọgbà. Tẹ̀tẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kò sì mọ̀ pé ó ń bọ́. Ó wo Ezekiel títí, lẹ́yìn náà ó wo Beatrice, ó sì tẹ orí rẹ̀ ba. Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹni tó mu ún ńkọ́?

"Ìgbà tí o kan àpáta," ni Alága wí, "kí ló dé tí o ò lọ gbẹ́ ẹ síbòmíràn?"

Ezekiel la ẹnu. Èèyàn lè rí irọ́ náà tó ń gòkè bọ̀ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ó pa ẹnu dé.

"Bàbá Dára," ni Beatrice wí, "ẹ bá wa kí obìnrin inú kíṣìnì yẹn."

Dára ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó di ẹnu rẹ̀ mú, ẹ̀rín gba imú jáde. Bí àwọn onílé náà, tí kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ ìtàn obìnrin ìsàlẹ̀ ilẹ̀ yẹn rí, ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, àwọn àgbààgbà dì mọ́ ara wọn, àwọn adìẹ àdúgbò fò gun orí páànù. Alága fi ojú agbádá nu omijé. Ó ní àwọn dúrọ́ọ̀mù Ìyá Dára ò lọ síbì kankan. Sọ́kàwéè yẹn ló máa lọ. Wọ́n máa dí i pa, wọ́n máa gbẹ́ òmíràn síwájú ilé, níbi tó jìnnà sí kànga.

"Ta ló máa gbẹ́ ẹ?" ni ẹnì kan béèrè.

"Ẹni tó gbẹ́ èyí tó kan ará ìsàlẹ̀ ilẹ̀ náà ni," ni Alága wí. "A máa dúró tì í lọ́tẹ̀ yìí."

Ibi tí Ezekiel ti rí agbára, ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ etí kòtò, ó fò jáde bí ẹja tí wọ́n dà sínú òróró gbígbóná. Àwọn onílé pínyà fún un bí omi Òkun Pupa. Ó gba àárín wọn kọjá, ó kọjá lára igi máńgòrò, ó kọjá lára àwọn dúrọ́ọ̀mù, ó kọrí sí ojú títì.

"Dára," ni Beatrice wí, kò wo ẹ̀yìn rẹ̀, "pe àbúrò mi ní Akínmọ̀ọ́rìn. Kí wọ́n máa kó ẹ̀gẹ́ mi bọ̀."

Ezekiel dé ìkóríta, ó na ọwọ́ sí àwọn ọlọ́kadà. Àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n máa ń jà nítorí èrò kan ṣoṣo, gbogbo wọn ló fún ọ̀kadà níná lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sá. Ezekiel ń sá tẹ̀lé wọn lọ ní ọ̀nà Ọ̀yọ́, ogunlọ́gọ̀ eṣinṣin ń sá tẹ̀lé Ezekiel. Àwọn tó rí i ní bó ti ń sáré náà ló ń ké sí wọn pé kí wọ́n dúró, kí wọ́n má bẹ̀rù, pé òórùn fùfú ìyàwó òun ni.